Màdáámù Kò Sí Lọ́dọ̀ Mi

Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kejì

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú òtútù, mo kí ọ kú iṣẹ́. Ṣé àwọn arúgbó tí ò ń tọ́jú níbẹ̀ kò yọ ọ́ lẹ́nu jù? Èmi arúgbó tìrẹ wà níbí, mò ń tọ́jú ara mi. Orúnkún ń dùn mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ṣì le. Alágbàfọ̀ tó ń jẹ́ ká lo fóònù rẹ̀ ti kó kúrò ládùúgbò, tòun ti fóònù, nítorí náà ìwé ló kù tí a ó máa fi rí ara wa. Má máa pẹ́ kí o tó fèsì. Èyí tí o kọ gbẹ̀yìn kò kún ojú ewé kan, bí ẹni pé wọ́n ń lé ọ.

Ọmọ rẹ ń kí ọ. Lọ́yà ni gbogbo àdúgbò ń pè é báyìí, nítorí kò sí ohun tí èèyàn máa sọ tí kò ní bi í pé, ta ló rí i. Lánàá, mo ní kó lọ sùn, ó ní ta ló ṣòfin pé ọmọ ọdún mẹ́fà gbọ́dọ̀ sùn ṣáájú àgbà. Mo wá èsì títí, èmi fúnra mi ni mo kọ́kọ́ sùn.

Ìròyìn tí mo ní ni pé mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í sin adìyẹ. Láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, ọwọ́ ń yún mi. Mo ṣa àwọn pákó tó kù jọ, mo fi kan ilé adìyẹ sẹ́yìnkùlé, ó lẹ́nu ọ̀nà, ó ní fèrèsé, ó dáa ju ilé tí mo gbé ìyá rẹ sí nígbà tí mo fẹ́ ẹ. Nínú wọn, obídìyẹ pupa kan wà tó máa ń rìn bí ìyàwó ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ́yà sọ ọ́ ní Màdáámù. Ó so aṣọ aláwọ̀ òféfèé mọ́ ọn lẹ́sẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣì í mú. Ibi tí Màdáámù bá wà ni Lọ́yà wà. Òun ni ó ń rò fún bí ilé-ìwé ṣe rí, Màdáámù á sì máa mi orí.

Àkùkọ funfun kan wà tó ń ṣe wọ́n léṣe. Mo fẹ́ pa á, mo sì fẹ́ kí Lọ́yà dúró tì mí. Ẹni tó bá máa jẹ ẹran, ó yẹ kó mọ ibi tí ẹran ti ń wá. Ṣùgbọ́n ìwọ lo bí i, èmi kọ́, ìyẹn ni mo fi ní kí n kọ́kọ́ bi ọ́.

Lọ́yà ní kí n rán ọ létí pé ìparí ọdún yìí lo ní o máa wálé. Mo ní o ò tíì gbàgbé.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù Kejì

Bàbá mi,

Ẹ kú àárọ̀, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, ẹ kú iṣẹ́ adìyẹ. Mo rẹ́rìn-ín títí nígbà tí mo ka ti Màdáámù, àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ṣé kò sí nǹkan. Ẹ má bínú pé ìwé mi kúrú. Bí mo bá ti parí wíwẹ̀ fún àwọn arúgbó, tí mo pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí mo sì fún wọn lóúnjẹ, ọwọ́ mi kì í fẹ́ di kálàmù mú mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan wà, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pa àkùkọ yẹn lójú Lọ́yà. Ẹ rántí ewúrẹ́ tí ẹ pa lójú mi nígbà tí mo wà ní kékeré. Ẹ ní kí n kọ́gbọ́n. Mo kọ́ ọ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹkún ni mo fi kọ́ ọ, ẹ̀yin ò sì mọ̀, torí abẹ́ ibùsùn ni mo wà. Ẹ tún rántí pé oyún Lọ́yà ló wà nínú mi nígbà tí wọ́n gbé òkú bàbá rẹ̀ wálé láti ibi iṣẹ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá gbọ́ pé ohunkóhun kú, àyà mi á já. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi ní irú àyà bẹ́ẹ̀.

Nítorí náà, bí èyíkéyìí nínú àwọn adìyẹ yẹn bá kú, ẹ kàn sọ fún un pé ó ti wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tó bá wà lọ́dọ̀ mi kò ní bà á lẹ́rù. Ẹ ṣe é fún mi, Bàbá. Ẹ má bá mi jiyàn.

Èmi ọmọ yín tó ń fojú sọ́nà fún èsì.


Ọjọ́ kẹrìndínlógún, oṣù Kẹta

Ọmọ mi,

Mo rí ìwé rẹ gbà. Ọ̀rọ̀ ewúrẹ́ yẹn dùn mí. Abẹ́ ibùsùn! Èmi rò pé o ti lọ ṣeré. Ó dáa, mo gbé àkùkọ funfun fún bíríkìlà tó wà ní kọ̀rọ̀ ọ̀nà, ohun tó bá fi ṣe, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nìyẹn.

Ṣùgbọ́n èyí tó tẹ̀ lé e ni mi ò rò tẹ́lẹ̀. Àrùn adìyẹ wọ àdúgbò, lùkúlùkú yẹn tí kì í mọ olówó yàtọ̀ sí tálákà. Lọ́yà wà ní ilé-ìwé nígbà tí Màdáámù wó lulẹ̀. Mo gbé e lé itan, mo kán omi sí i lẹ́nu, kò gbé e mì. Mo sin ín sí ẹ̀bá ògiri lẹ́yìnkùlé, mo fọ ọwọ́ mi, mo sì jókòó dúró de adájọ́.

Ó dé. Ó ní Màdáámù dà. Mo sọ ohun tí o ní kí n sọ. Ó ní ta ló gbé e lọ. Mo ní ọkọ̀ òfuurufú ni. Ó bi mí pé ṣé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ni wọ́n fi í sí, ṣé wọ́n fún un ní àgbàdo lójú ọ̀nà, kí ló dé tí kò dúró kí òun ti ilé-ìwé dé kí ó tó lọ, ṣé o mọ̀ pé ó ń bọ̀. Òógùn ń bọ́ lára mi. Ó wá ní ta ló rí i nígbà tó ń lọ. Mo ní èmi ni.

Adìyẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìyẹ. Èmi ni okùn. Mo ti ṣe ohun tí o fẹ́, ṣùgbọ́n mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, o sì mọ̀ pé oorun kì í ṣe ìṣòro mi.

Lọ́yà ní kí n kọ ọ́ síbí pé Màdáámù kì í fẹ́ dá sùn. Kí o jọ̀ọ́, kí o máa jókòó tì í títí oorun á fi gbé e lọ.

Èmi bàbá rẹ, òpùrọ́ tuntun.


Ọjọ́ kọkànlá, oṣù Kẹrin

Bàbá mi,

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ẹ má pe ara yín ní òpùrọ́, ọmọ ni ẹ ń dáàbò bò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ ka èyí sí i létí:

"Lọ́yà mi, Màdáámù ti dé ọ̀dọ̀ mi láyọ̀. Ilé ìdáná ló ń sùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, nítorí òtútù. Mo máa ń jókòó tì í bí o ṣe wí. Ó yé ẹyin lánàá. Ó ní kí n kí ọ. Ibi tí òun wà náà ni èmi wà, a jọ ń ronú nípa rẹ ni."

Ohun kejì kò dùn mọ́ mi láti kọ. Ọ̀gá wa ní kò sí ìsinmi fún ẹnikẹ́ni ní ìparí ọdún, torí àwọn òṣìṣẹ́ kò tó. Mi ò ní lè wálé lọ́dún yìí. Ó di ọdún tó ń bọ̀. Ẹ rọra bá mi sọ fún un. Ẹ mọ bí ẹ ó ṣe sọ ọ́.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹrin, oṣù Karùn-ún

Ọmọ mi,

Mi ò ní kí ọ púpọ̀. Jókòó kí o tó ka èyí.

Òjò ńlá rọ̀. Lẹ́yìn òjò, Lọ́yà mú ṣíbí, ó lọ sí ẹ̀yìnkùlé láti wa ekòló fún àwọn òròmọdìyẹ. Ẹ̀bá ògiri ni ilẹ̀ ti rọ̀ jù. Ibẹ̀ ló gbẹ́. Ó kan ẹsẹ̀ adìyẹ, aṣọ òféfèé ṣì wà níbẹ̀.

Kò ké. Ìbá jẹ́ pé ó ké ni, ǹ bá mọ ohun tí mo máa ṣe. Ó wá bá mi lórí àga mi, ó mú mi lọ́wọ́ lọ síbẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé ibí ni ọ̀dọ̀ Màmá?"

Kí n tó rí ẹnu, ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ilẹ̀. Ó gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri, ó gbẹ́ abẹ́ igi ọsàn, ó ń gbẹ́, ó ń pè ọ́ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Mo gba ṣíbí lọ́wọ́ rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbẹ́ ẹ. Mo gbé e wọlé tipátipá. Mo sọ òtítọ́ fún un. Mo ní Màdáámù kú, ìyá rẹ̀ kò kú, ìyá rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ lókè òkun. Ó ní ẹnu tí mo fi sọ tọ̀ún náà ni mo fi ń sọ èyí. Mo ní ìyá rẹ̀ ń kọ ìwé. Ó ní èmi ni mo ń kọ ọ́ tí mo sì ń kà á.

Kò jẹ ẹyin mọ́. Oúnjẹ tó ń jẹ kò tó nǹkan. O tún ní o ò ní wá ní ìparí ọdún. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ìyẹn fún un? Ọmọ yìí gbà pé òkú ni ọ́. Mo ti kan ilé, mo ti kan àga, mo ti kan pósí, ṣùgbọ́n mi ò mọ ohun tí wọ́n fi ń tún irú èyí ṣe.

Tètè kọ̀wé.


Ọjọ́ ogún, oṣù Karùn-ún

Bàbá mi,

Orí ìjókòó ni mo wà lóòótọ́, síbẹ̀ ilẹ̀ ni mo bá ara mi. Ọmọ mi ń fi ọwọ́ wá mi nínú ilẹ̀. Èmi ni mo fà á. Ẹ̀yin kọ́, èmi ni.

Mo ti sáré lọ ya fọ́tò. Ẹ wò ó, mo wọ aṣọ iṣẹ́, mo sì ń rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ ó rí i lójú mi pé mo ti sunkún. Ẹ fi hàn án. Ẹ sọ fún un pé ọ̀sẹ̀ yìí ni wọ́n yà á. Ẹ bá mi gbá a mọ́ra. Ẹ kọ̀wé sí mi lójú ẹsẹ̀.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kẹfà

Bàbá mi,

Mi ò tíì rí èsì. Bí alámójútó ibi iṣẹ́ wa bá ti ń pín ìwé lọ́wọ́ àárọ̀, èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dúró síbẹ̀. Ó ti mọ̀ mí, ó máa ń mi orí kí n tó béèrè. Ṣé ara Lọ́yà le? Ṣé ó ń jẹun? Bí ẹ bá ń bínú sí mi, ẹ bú mi, ṣùgbọ́n ẹ bú mi lórí ìwé kí n lè rí i kà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nǹkan kan fún yín. Níbí, bí ẹnì kan bá kú, ẹ̀yìn ilé la máa ń gbé e gbà nígbà tí àwọn yòókù bá ń jẹun. Bí wọ́n bá béèrè, a ó ní ọmọ rẹ̀ ló wá mú un. Èmi náà ti sọ ọ́ láìmọye ìgbà, n kò sì rò ó rárá. Màmá àgbà kan wà tó ti ṣe tíṣà rí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọkùnrin inú yàrá kejì sí tirẹ̀ kú, mo sì tún pa irọ́ wa yẹn. Ó wò mí lójú, ó ní, "Bó bá kàn mí, jọ̀ọ́, sọ ohun tó ṣe mí fún wọn. Mi ò bímọ. Ta ni ẹ máa ní ó wá mú mi?"

Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sọ̀rọ̀ Màdáámù fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Kò bú mi. Ó kàn di ọwọ́ mi mú títí iṣẹ́ fi pè mí.

Ẹ dákun, Bàbá, ẹ kọ̀wé.


Ọjọ́ kejìlá, oṣù Kẹfà

Ọmọ mi,

Mo kí ọ kú ìfọkànsí. Má rò pé ìbínú ni mi ò fi tètè fèsì. Ibà ló dá mi dùbúlẹ̀, bíríkìlà àti ìyàwó rẹ̀ ló ń bá wa dáná. Ara mi ti yá báyìí. Ẹni bímọ ọ̀ràn ní ń pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n àwa méjèèjì la bí ọ̀ràn yìí, a ó jọ pọ̀n ọ́n ni.

Fọ́tò rẹ dé. Mo rò pé ẹjọ́ ti parí. Lọ́yà gbà á, ó wò ó pẹ́, ó fi ìka tọ́ ọ lójú níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tọ́ka sí ògiri pálọ̀, ibi tí fọ́tò bàbá rẹ̀ wà. Ó ní àwọn tó kú náà máa ń ní fọ́tò, wọ́n sì máa ń rẹ́rìn-ín nínú rẹ̀. Ọmọ rẹ ni. Mo lọ sí yàrá mi, mo sì sunkún bí ọmọdé.

Ṣùgbọ́n ó ti wá ń jẹun díẹ̀, ó sì ti fún wa ní ọ̀nà kan. Ó ní bó bá jẹ́ pé ìyá òun ló ń kọ̀wé lóòótọ́, kó sọ ohun kan tí Bàbá kò mọ̀. Kì í ṣe ohun tí Bàbá lè rí, kì í ṣe ohun tí Bàbá lè gbọ́ lẹ́nu aládùúgbò. Ohun tó jẹ́ ti ẹ̀yin méjèèjì nìkan.

Ronú dáadáa. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí o lọ. Mi ò mọ ohun tó kù lórí rẹ̀ nípa rẹ, ẹ̀rù ìyẹn ló ń bà mí jù.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù Kẹfà

Lọ́yà mi,

Èmi Màmá rẹ ni. Mo kí ọ. Mo parọ́ fún ọ. Màdáámù kò sí lọ́dọ̀ mi, kò wá sọ́dọ̀ mi rí, kò yé ẹyin kankan níbí. Ó kú. Èmi ni mo ní kí Bàbá sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ, torí ẹ̀rù ń bà mí. Má bínú sí Bàbá, èmi ni kí o bínú sí.

O ní kí n sọ ohun tí Bàbá kò mọ̀. Mo ti rò ó títí. Ṣé o rántí pé ibùsùn kan náà la jọ ń sùn, ògiri kan ló sì wà láàárín àwa àti Bàbá? Lálaalẹ́, bí Bàbá bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í hanrun, ìwọ á ní, "Màmá, Ẹ̀rọ Ata ti ń ṣiṣẹ́." Èmi á ní, "Sọ fún wọn kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná." A ó wá fi ìrọ̀rí bo ẹnu ká má bàa jí wọn. Ẹ̀rọ Ata lorúkọ tí àwa méjèèjì ń pe Bàbá lẹ́yìn. Bàbá kò mọ̀ títí di òní, àfi tí wọ́n bá ń ka ìwé yìí lọ́wọ́.

Bàbá, ẹ foríjì mí. Kò sí ohun mìíràn tí mo rí.

Bí o kò bá rántí, ọmọ mi, ṣáà mọ̀ pé èmi rántí.

Màmá rẹ.


Ọjọ́ kejìdínlógún, oṣù Keje

Ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo sì tún bú ọ díẹ̀.

Mo jókòó, mo wọ awò ojú mi, mò ń ka ìwé rẹ sókè ketekete bí ẹni ń ka ìwé ìdájọ́. Mo dé ibi ìhanrun, mo dúró. Lọ́yà ní kí n máa kà á lọ. Mo ní ojú ń ro mí. Ó ní kí n máa kà á lọ. Ni mo bá fi ẹnu ara mi pe ara mi ní Ẹ̀rọ Ata nínú ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi kọ́.

Ọmọ yìí bú sẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi já bọ́ lórí àpótí. Ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín ni ẹkún ti gbà á. Ó ní, "Màmá mi ni. Màmá mi ò kú." Ó ń sọ ọ́ léraléra. Ó já ìwé gbà lọ́wọ́ mi, ó fi sábẹ́ aṣọ, ibẹ̀ ló sì fi í sí sùn. Mo dúpẹ́ pé mò ń hanrun. Àwọn tó ń sùn jẹ́ẹ́, kí ni wọ́n máa fi gba irú ẹjọ́ yìí là?

Nǹkan mìíràn tún ṣẹlẹ̀. Òròmọdìyẹ kan kú. Mi ò fi í pamọ́. Mo gbé e lé Lọ́yà lọ́wọ́. Ó fọwọ́ kàn án, ó ní ó tutù. Ó bi mí pé ṣé ebi ń pa á, mo ní rárá. Ó ní ṣé nǹkan ń dùn ún, mo ní rárá, kò sí ohun tó ń dùn ún mọ́. Ó ní ṣé á padà wá. Mo ní ẹni tó bá kú kì í padà wá. Ó ní ta ló rí i. Mo ní, "Èmi. Mo sin ìyá rẹ àgbà, mo sin bàbá rẹ, mo dúró dè wọ́n, wọn ò wá." Ó fi orí lé mi láyà. A jọ gbẹ́ ilẹ̀, a jọ sin ín. Ó sunkún, ó sì jẹun alẹ́. Kò sá sábẹ́ ibùsùn kankan, ẹ̀gbẹ́ mi ló wà.

Mo ti sọ fún un pé o ò ní wá lọ́dún yìí. Ní ọjọ́ kejì, ó ní òun fẹ́ kọ̀wé. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo kọ sí ìsàlẹ̀ yìí, mi ò fi kún un, mi ò yọ kúrò.

Èmi, má pè mí ní orúkọ yẹn mọ́.


Màmá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ni mò ń sọ ọ́, Bàbá ló ń kọ ọ́, mo sì ń wo ọwọ́ wọn. Mi ò bínú mọ́. Òròmọdìyẹ kú. Màdáámù kú. Bàbá mi tó wà lára ògiri náà kú. Bàbá àgbà ní kò sí ìkankan nínú wọn tó lè padà wá, bó ti wù kó wù wọ́n tó. Mo gbà. Mi ò dúró dè wọ́n mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ̀yin ò kú. Kí ló wá dá yín dúró?


Ọjọ́ kẹta, oṣù Kẹjọ

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àforítì, ẹ kú ìhanrun. Mo gbé ìwé Lọ́yà lọ bá ọ̀gá wa, mo túmọ̀ rẹ̀ fún un lọ́rọ̀ kan lọ́rọ̀ kan. Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé fún mi pé òṣìṣẹ́ kò tó. Mo ní mo gbọ́, mo sì ti mọ̀ pé òṣìṣẹ́ kò ní tó láé. Mo fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lórí tábìlì. Màmá tíṣà ló bá mi di ẹrù. Mi ò mọ bóyá wọ́n á gbà mí padà, mi ò sì lè dúró títí màá fi mọ̀.

Ẹ ka èyí tó kù sí i létí.

Lọ́yà mi, mo wá èsì sí ìbéèrè rẹ láàárọ̀, mo wá a lọ́sàn-án, mi ò rí. O jàre. Mò ń bọ̀ wálé.